Gbígba Ọmọ Ológbò Tọ́ Nílé Fún Ìgbà Díẹ̀: Ooru Ló Ṣáájú Oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò tó ń kú lọ́wọ́ ẹni tó gbà wọ́n là, ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Òtútù ni, tàbí mílíìkì tó ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó rí wọn lẹ́yìn àpò gàrí tàbí nínú àjà ilé á ṣàánú wọn, á sáré já mílíìkì agolo, á fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ èèyàn, á sì máa rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n ti kú. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn níbí, ẹ mú èyí dání: ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ tutù kò gbọdọ̀ jẹun. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ gbóná.

Ẹni tó máa tọ́jú wọn fún ìgbà díẹ̀ la kọ èyí fún, láti ìgbà tí ojú wọn kò tíì là títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹlòmíràn lè gbà wọ́n. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló nira jù, torí pé oorun òru á gé kúrú.

Ẹ má tíì sáré gbé wọn

Ìyá ológbò máa ń fi ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lọ wá oúnjẹ. Bó bá sì fẹ́ kó wọn kúrò níbi kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fẹnu gbé wọn, torí náà ẹyọ kan tí ẹ bá bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè jẹ́ èyí tó kù tí ìyá ń padà bọ̀ wá gbé. Ẹ wò wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n. Bí ikùn wọn bá yọ díẹ̀, tí ara wọn mọ́, tí wọ́n ká jọ tí wọ́n ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyá wọn kò jìnnà. Bí wọ́n bá ń ké láìdákẹ́, tí ara wọn dọ̀tí, tí ikùn wọn wọnú, tí ẹsẹ̀ wọn tutù, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ máa wo ibẹ̀ láti òkèèrè tàbí láti ojú fèrèsé. Bí ẹ kò bá ráyè dúró, ẹ wọ́n fúláwà tàbí elùbọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ibẹ̀ ká. Bí ìyá bá wá, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kò pọ̀ jù bí ibẹ̀ bá gbẹ tí ewu kò sí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń bọ̀, bí oòrùn bá ń ta wọ́n, bí èèrà bá ti ń rìn lára wọn tàbí ajá àti àwọn ọmọdé bá ti mọ ibẹ̀, ẹ má dúró.

Òótọ́ kọ́ ni pé ìyá á kọ ọmọ nítorí òórùn ọwọ́ èèyàn. Bí ìyá bá wà, tí ó sì gbà kí ẹ sún mọ́ òun, ẹ gba tòun tọmọ: ẹ bọ́ ìyá yó, kó tọ́ ọmọ rẹ̀. Mílíìkì tó bá jáde lọ́mú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ààbò lòdì sí àrùn nínú, kò sì sí èyí tí a rà tó ní irú rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí wọn

Ẹ ní láti mọ ọjọ́ orí, torí òun ló ń sọ iye ìgbà tí wọn yóò jẹun, bóyá wọ́n lè dá tọ̀, àti irú oúnjẹ tó yẹ. Bí ìwọ́ bá ṣì so mọ́ ìdodo, kò tíì ju nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ojú máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14; ẹ má fi ọwọ́ là á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, etí tó lẹ̀ mọ́ orí á ti nà ró, eyín iwájú kéékèèké á ti máa yọ, ọmọ náà á sì máa rìn tàgétàgé. Eyín gígùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa ń tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń yọ láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ojú gbogbo wọn ló máa ń jẹ́ búlúù ní kékeré. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje ni àwọ̀ tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Ìwọ̀n náà ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bí 100 gíráàmù, á sì máa fi nǹkan bí 100 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ti pa á fúyẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Bí eyín àti òṣùwọ̀n kò bá bá ara wọn mu, eyín ni kí ẹ gbà gbọ́ fún ọjọ́ orí, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ṣírò oúnjẹ.

Ooru

Ara ọmọ ológbò ọ̀sẹ̀ kìíní máa ń wà láàárín 35 sí 37°C, kò sì lè gbọ̀n láti fi mú ara rẹ̀ gbóná. Bí ẹ kò bá ní tẹmómítà, ẹ fi orí ìka kékeré kan ẹnu rẹ̀ nínú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnu náà bá tutù sí ìka yín, òtútù ti mú un. Nígbà tí ara bá tutù, ìfun kì í ṣiṣẹ́ mọ́: mílíìkì á jókòó sínú ikùn, á kan, á sì mú ikùn wú. Gbígbé mì náà á dẹ̀, mílíìkì á sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ mú un gbóná. Ẹ fi sínú ẹ̀wù yín kó kan àwọ̀ ara fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ ti fi ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé sí. Ó lè gba wákàtí kan sí mẹ́ta. Ẹ má rì í sínú omi gbígbóná, ẹ má sá a sí oòrùn, ẹ má fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ: bí ẹ bá ti ìta mú un gbóná lójijì, ẹ̀jẹ̀ á sá wá sí awọ ara, ọkàn rẹ̀ tó ti rẹ̀ kò sì ní lè gbé e. Bí ó bá rọ̀ jọ̀kọ̀tọ̀, ẹ po gúlúkóòsì tàbí oyin mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi ìka ra ẹ̀kán kan tàbí méjì sí èrìgì rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rírà ni o, kì í ṣe dídà sẹ́nu. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó ń fi imú wá ọmú kiri, ó ti tó jẹun.

Páálí tí ògiri rẹ̀ ga dáadáa ló dára fún ibùsùn. Ẹ tẹ́ ògbólógbòó ìró òwú tàbí àkísà rírọ̀ sí i. Táwẹ̀lì tí òwú rẹ̀ ta kókó máa ń há èékánná. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò oníke, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì gbé e sí apá kan páálí náà. Ìdajì páálí gbọ́dọ̀ wà láìní ìgò, kí ọmọ tí ooru bá mú lè wọ́ kúrò. Ẹ pààrọ̀ omi náà ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, lóru pẹ̀lú: ìgò tó ti tutù á máa fa ooru kúrò lára ọmọ tó sún mọ́ ọn, ó sì burú ju kí ìgò má sí lọ.

Ibi tí wọ́n sùn yẹ kó tó 29 sí 32°C ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 27 sí 29 ní ìkejì, 24 sí 27 ní ìkẹta àti ìkẹrin. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, yàrá lè ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ láìsí ìgò kankan. Ìdájí ọyẹ́, alẹ́ òjò, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn á sọ fún yín: bí wọ́n bá gun ara wọn lórí tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá fọ́n ká, tí wọ́n ń mí hẹlẹ, tí awọ wọn sì pọ́n, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá títì láti fi mú wọn móoru. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú ń pa èèyàn, á tètè pa wọ́n.

Èèrà ni ọ̀tá tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà. Òórùn mílíìkì ń pè é, ọmọ tí kò lè rìn kò sì lè sá. Ẹ gbé páálí sórí tábìlì, ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi tí ẹ ti kán ọṣẹ sí, kí ẹ sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo òkè páálí. Àwọ̀n náà tún lè dí ọ̀nà díẹ̀ fún eku, tó ń ge ọmọ tuntun jẹ. Ẹ má fi kẹrosíìnì dípò omi, èéfín rẹ̀ kò dára fún wọn.

Oúnjẹ

Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò ni kí ẹ wá. Oníyẹ̀fun ni ó sábà máa ń jẹ́. KMR ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ilé oògùn ẹranko mọ̀ ọ́n sí. Òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun kan sí òṣùwọ̀n omi méjì ni ti KMR. Bí ẹ bá ra irú mìíràn, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára agolo rẹ̀. Omi tí a ti sè ni kí ẹ fi pò ó. Mílíìkì màlúù, ti agolo tàbí ti sáṣẹ́ẹ̀tì, kò ní ọ̀rá àti èròjà purotéènì tó tó fún wọn, ṣúgà inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ìfun wọn lè lọ̀, torí náà ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí kò ju 150 gíráàmù lọ kò ní omi lára tó lè fi ṣòfò. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan lè pa á. Mílíìkì ọmọ èèyàn kò lágbára tó, ẹ̀kọ àti ògì kò sì yẹ wọ́n rárá.

Bí ó bá di alẹ́ tí gbogbo ilé oògùn ti tì, ohun tí ẹ lè fi gbé wọn dé òwúrọ̀ nìyí: mílílítà 240 mílíìkì tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ (bí ó bá jẹ́ ti agolo tó ki, ẹ fi omi tó pọ̀ bákan náà là á kí ẹ tó wọ̀n ọ́n), pupa ẹyin méjì, àti ṣíbí tíì kan òróró. Ẹ lù ú pọ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan péré ni o, kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ikùn wọn lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju mílílítà mẹ́rin lọ fún 100 gíráàmù ara. Láti ibẹ̀ la ti ń ṣírò:

Ọ̀sẹ̀ 1 (50–150 gíráàmù): mílílítà 2 sí 6, ní wákàtí méjì-méjì.
Ọ̀sẹ̀ 2 (150–250): 6 sí 10, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta.
Ọ̀sẹ̀ 3 (250–350): 10 sí 14, ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.
Ọ̀sẹ̀ 4 (350–450): 14 sí 18, ní wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún.
Ọ̀sẹ̀ 5 (450–550): 18 sí 22, ní wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà.

Òru kò yọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó máa dúró nílé, ẹ má gba ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ẹ gba àwọn tó ti ń jẹun fúnra wọn, kí ẹlòmíràn tó ráyè gba àwọn kékeré.

Síríǹjì mílílítà kan tí kò ní abẹ́rẹ́ rọrùn láti darí fún ọmọ ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, fídà kékeré tí wọ́n ṣe fún ẹranko dára jù, torí fífà mu ń tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ dojú fídà délẹ̀ kí ẹ wo ihò rẹ̀: ẹ̀kán-ẹ̀kán ni mílíìkì gbọ́dọ̀ máa ro. Bí ó bá ń ṣàn, ihò ti tóbi jù. Bí kò bá ro rárá, ọmọ náà á fà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ mú mílíìkì lọ́wọ́ọ́wọ́ tó bí 38°C nípa gbígbé fídà sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò.

Ẹ dọ̀bálẹ̀ ọmọ náà lórí aṣọ, ikùn sílẹ̀, bó ṣe máa dọ̀bálẹ̀ sára ìyá rẹ̀, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Ẹ má dà á dé ẹ̀yìn láé. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu fi ọmú tàbí síríǹjì sí i, ẹ kán ẹ̀kán kan, ẹ jẹ́ kó gbé e mì, kí ẹ tó tún òmíràn kán. Bí ẹ bá ń lo fídà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ni kó fà á. Bí mílíìkì bá gba imú rẹ̀ jáde, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ nu imú náà. Bí ó bá wá ń mí pẹ̀lú ariwo, tàbí kò fẹ́ jẹun mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì tó tẹ̀ lé e, òtútù àyà ti ń wọlé, dókítà ẹranko ló kàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé e lé èjìká kí ẹ rọra gbá a lẹ́yìn títí á fi gùnfẹ̀. Ikùn yẹ kó yọ, kó má le bí ìlù. Bí ẹ bá ń bọ́ wọn jù, ìgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́: á rọ̀, á ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí ewé tàbí eérú. Ẹ dín mílíìkì náà kù tàbí kí ẹ fi omi là á sí i fún ọjọ́ kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́nu fídà, ẹ dà á nù. Èyí tí ẹ pò tí ẹ kò tíì lò lè wà nínú fíríìjì fún wákàtí 24 péré, ṣùgbọ́n níbi tí iná kì í dúró, ẹ po èyí tó tó ìgbà kan ṣoṣo.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́

Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dá tọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi ahọ́n lá ìdí rẹ̀ títí á fi tọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ rẹ òwú tàbí aṣọ rírọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, kí ẹ sì rọra fi nu ojú ara àti ìdí rẹ̀ ní kíákíá-kíákíá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ jẹun tàbí tó bá jẹun tán. Ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wá ní gbogbo ìgbà. Ìgbẹ́ lè wá lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tọ̀ rárá ní ìgbà méjì léra wọn, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ìtọ̀ tó dára mọ́ bí omi tàbí ó pọ́n díẹ̀. Bó bá ti ń pọ́n bí epo, omi ara ti ń gbẹ. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè kí ẹ fi í sílẹ̀: bí kò bá tètè padà, tí èrìgì náà sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti le jù fún ilé, ó nílò omi tí dókítà máa fi abẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ. Ìgbẹ́ tó dára rí bí ọ̀ṣẹ ìfọyín, ó sì pupa rúsúrúsú. Ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn náà, torí ìtọ̀ ń jó awọ. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú páálí kan, wọ́n lè máa fa ìdí ara wọn mu bí ọmú títí á fi wú. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ìgò ooru ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Òṣùwọ̀n lójoojúmọ́

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Bí owó kò bá tó fún ohun púpọ̀, òun àti mílíìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà, kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá jọra, ẹ kun èékánná ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ọrùn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan ọrùn á ti ju okùn lọ.

Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi gíráàmù 10 sí 15 kún un lóòjọ́. Ọmọ tí kò fi nǹkan kan kún un ní wákàtí 24, ẹ tún bí ẹ ṣe ń bọ́ ọ wò: ṣé ó gbóná tó, ṣé mílíìkì kò ṣàn jù, ṣé ó ń fà á dáadáa? Èyí tó bá dín kù, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà. Ojú kò lè rí gíráàmù márùn-ún, ẹnu ọmọ náà sì lè máa ké bíi pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí òṣùwọ̀n ti ń kìlọ̀ láti àná. Ọmọ ológbò tí kò bá jẹun fún òru kan ti wà nínú ewu. Ẹ má dúró wò ó bóyá ó máa sàn.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin

Nígbà tí eyín bá ti ń gé orí fídà, ó tó àkókò. Ẹ po oúnjẹ rírọ̀ ti ọmọ ológbò mọ́ mílíìkì wọn títí á fi rí bí ẹ̀kọ mímu, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ, kí ẹ fi ìka ra díẹ̀ sí wọn lẹ́nu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa rìn nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ má bínú. Ẹ ṣì máa fún wọn ní fídà títí wọn yóò fi lè yó nínú àwo, èyí tó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Ẹ gbé omi mímu sílẹ̀ nínú àwo tí kò jìn. Ẹ nu wọ́n gbẹ, kí oúnjẹ má gbẹ mọ́ wọn lára.

Oúnjẹ ológbò tí a rà yóò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé, a sì mọ̀ pé ẹja ni àwọn èèyàn máa ń fà lọ́wọ́. Ẹja tàbí adìẹ sísè tí a ti yọ eegun rẹ̀, láìsí iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí màgí, lè jẹ́ àfikún. Kò lè jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn, ìrẹsì ọbẹ̀ kò sì lè jẹ́ ẹ rárá: ológbò nílò taurine, èròjà kan tó wà nínú ẹran, àìtó rẹ̀ ń ba ojú àti ọkàn jẹ́. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú omi ọbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ gbé àwo tí etí rẹ̀ kò ga sí igun kan, ẹ da yanrìn gbígbẹ sí i. Ẹ gbé wọn sínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Yanrìn aládìpọ̀ tí wọ́n ń tà fún àgbà ológbò kò yẹ wọ́n, torí wọ́n máa ń jẹ ẹ́, á sì dì nínú ìfun. Ẹ kó ìgbẹ́ wọn lójoojúmọ́; ológbò kì í padà síbi tó dọ̀tí, orí bẹ́ẹ̀dì yín ló kàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni wọ́n ń kọ́ ẹni tí wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ máa gbé wọn, ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àti ẹnu wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ohùn ọmọdé láti òkèèrè. Ẹ má fi ọwọ́ bá wọn ṣeré ìjà. Okùn tàbí aṣọ ni kí wọ́n máa lé.

Eégbọn, aràn àti àwọn àrùn

Eégbọn kéékèèké tó ń fò lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò tán. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀ràn náà ti le. Ọṣẹ ìfọwo tí kò le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìyarun tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ni oògùn fún ọmọ kékeré. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ yí ọrùn ká, kí eégbọn má sá lọ sí ojú àti etí. Ẹ wẹ ìyókù, ẹ ṣan án, ẹ ya wọ́n kúrò, kí ẹ nu ọmọ náà gbẹ kí ẹ sì gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ooru kíákíá. Ọ̀tapiàpià, kẹrosíìnì, kàfúrà, òróró ẹ̀rọ: gbogbo wọn ni májèlé. Oògùn eégbọn ajá náà ń pa wọ́n, pàápàá èyí tí permethrin wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi Izal tàbí Dettol fọ ibùsùn wọn, ológbò kò lè yọ irú kẹ́míkà yẹn kúrò lára. Bákan náà ni paracetamol: ìdajì hóró kan lè pa ológbò àgbà.

Aràn máa ń gba inú mílíìkì ìyá wọlé. Ikùn ńlá lára ọmọ tó rù ni àmì rẹ̀. Oògùn aràn olómi tó ní pyrantel ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé ìkẹjọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà fi ìwọ̀n ara wọn ṣírò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á sì tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ti dìgbòlugi máa ń jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Ìbàdàn, ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta, àti ní Ìlọrin, yàtọ̀ sí ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni.

Ipin ojú kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu un láti igun inú síta, òwú kan fún ojú kan. Bí ojú tí kò tíì là bá wú, ọyún ti wà lábẹ́ rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà kí ojú náà má baà fọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ dáàbò bo ara yín. Làpálàpá máa ń ti ara wọn ran ọmọdé. Aláboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá gé yín jẹ tàbí há yín lára dé ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn nítorí dìgbòlugi, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Bí ẹ bá ti ní ológbò nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn tuntun wà ní yàrá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa fọ ọwọ́ kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ láàárín àwọn méjèèjì.

Fífà wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ó kéré tán, kí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n tó nǹkan bí 900 gíráàmù, kí wọ́n máa jẹun, máa mu omi, máa lo yanrìn fúnra wọn. Ẹ lọ wo ilé ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n. A kò ní fi bò: àwọn kan ń wá ológbò láti jẹ, àwọn mìíràn láti fi ṣoògùn, ibòmíràn sì wà tí aládùúgbò máa sọ òkò lu ológbò dúdú nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹranko tó sìn kẹ́yìn. Àwọn tó ń ta ọkà àti gàrí máa ń wá ológbò nítorí èkúté, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn eku: ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ oògùn náà lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá lè gba méjì pọ̀, ẹ fún un ní méjì, wọ́n á máa bá ara wọn ṣeré.

Ẹ kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dàgbà sínú ìwé kan tí wọ́n máa mú lọ: ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn aràn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà àti èyí tó kù, oúnjẹ tí wọ́n mọ̀, ìwọ̀n wọn. Ẹ fi aṣọ tí wọ́n sùn lé kún un. Ẹ sọ fún ẹni náà pé abo lè lóyún láti oṣù kẹrin, pé oyún kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, kí ó sì bá dókítà ṣètò iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ kí àkókò náà tó dé. Akọ náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Nígbà tí wọ́n bá lọ, ẹ sun páálí náà. Ẹ fọ fídà, àwo àti ilẹ̀ yàrá pẹ̀lú ọṣẹ, lẹ́yìn náà pẹ̀lú bílíìṣì tí a pò ní ìwọ̀n kan sí omi ọgbọ̀n, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣan án. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kú pẹ̀lú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má gba òmíràn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ sínú yàrá yẹn fún ọdún kan, torí kòkòrò àrùn tó sábà máa ń fa èyí lè wà láàyè nínú ilé fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀.